Ilé Mọ́kànlá Kí Katakata Tó Dé

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì

Mo gba iṣẹ́ kan lónìí tó yẹ kí n kọ̀.

Ọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, fáìlì lábẹ́ abíyá, fáìlì lọ́wọ́, òmíràn tún wà nínú ọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fáìlì ni màá máa pè é níbí. Ilé iṣẹ́ wọn ti ra ilẹ̀ oko màlúù àtijọ́ yẹn, wọ́n fẹ́ wó gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò ilé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ilé mọ́kànlá. Fọ́tò mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan — iwájú, ẹ̀yìn, inú, òrùlé. Kí n kọ orúkọ ilé sábẹ́ ẹ̀, àti ipò tó wà. Katakata ń bọ̀ ní ogúnjọ́ oṣù.

Ó ní, "Ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀ ṣá?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mi ò sọ fún un pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mi ò sọ pé ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ kẹ́yìn. Ó ka àwọn ilé náà fún mi bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ iléèwé. Tánkì omi. Àká. Ilé ọlọ. Nígbà tó fi máa dé nọ́ńbà kọkànlá, ilé ìfúnwàrà, mo ń wá báírò kiri, báírò sì wà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kejì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè láàárọ̀. Adájọ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó máa gbọ́ tí kò ní dá ẹjọ́ ẹ̀ kó tó parí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ìyá wa ń gbé. Mo ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn fún un. Ó ní, "Ìwọ tí o ò ráyè wá sin bàbá, o wá ráyè lọ ya ògiri tó ti wó."

Mo ní iṣẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun gbọ́, iṣẹ́ ni.

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá rí nǹkan fi dá a lóhùn.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kejì

Mo lọ.

Mo gba ẹ̀yìn wọlé, lẹ́yìn ilé òṣìṣẹ́, níbi tí wáyà ti já. Ọ̀nà kan náà tí mo gbà jáde nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ mi ò bi mí kó tó yà síbẹ̀.

Bàbá kan jókòó sórí bíríkì, kọ́kọ́rọ́ tó tó ogún so mọ́ ìgbànú ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni. Ilé iṣẹ́ tuntun ló gbà á, kò bá wa gbé ibẹ̀ rí, kò mọ̀ mí. Ó ní, "Ìyá onífọ́tò, ojú ọ̀nà wà ní oríta, ẹ wá ń gba ẹ̀yìn wọlé bí olè." Mo ní ẹ má bínú, bàbá. Mo bi í pé kí ló ń fi gbogbo kọ́kọ́rọ́ yẹn ṣe, nígbà tí kò sí ilẹ̀kùn kan tó ṣì ní àgádágodo. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè. "Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fún mi," ó ní, "wọn ò fún mi ní ilẹ̀kùn."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bóyá ẹ̀rín nìkan kọ́.

Nọ́ńbà kìíní: tánkì omi. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ọ̀kan ti tẹ̀, ó dúró bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Nọ́ńbà kejì: àká onírin. Mo wọ inú ẹ̀. Àdán, eruku, àti ihò wẹ́wẹ́ lára páànù tí oòrùn ń gbà yọjú. Nígbà tá a wà ní kékeré, èmi àti Adájọ́ máa ń kígbe sínú ẹ̀ kó lè dá wa lóhùn. Mo fẹ́ kígbe lónìí. Ojú ara mi tì mí, mo gbé kámẹ́rà mi, mo jáde. Nọ́ńbà kẹta: ilé ọlọ. Wọ́n ti jí ọlọ gbé lọ, ìyẹ̀fun ṣì wà lára igi àjà.

Láti ibẹ̀ mò ń rí òrùlé nọ́ńbà kọkànlá. Mo ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kejì

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bóyá á kúrò lọ́fun mi.

Iṣẹ́ wàrà fífún ni bàbá mi ṣe fún ọgbọ̀n ọdún. Kì í sọ̀rọ̀. Ìyá mi máa ń ní bí bàbá yín bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lóòjọ́, méjì á jẹ́ ti màlúù. Ṣùgbọ́n ó ń kọ̀wé. Kò fọkàn tán bébà, ó ní eku ń jẹ ẹ́. Ara ògiri ilé ìfúnwàrà ló ń kọ nǹkan sí, èédú ló fi ń kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀. Bí òun àti ẹnìkejì ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn, torí òun á ti dé ní ìdájí, ẹnìkejì á dé lẹ́yìn ẹ̀. Ìyẹn náà ti kú báyìí. MALU ONIWO KAN TI BI. AKO NI. Tàbí: MO LO GBA OOGUN. E FI ELESE FUNFUN SILE. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló máa ń kọ ọ́ sí, kí ẹni tó ń bọ̀ lè tètè rí i.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà yẹn. Ó fẹ́ kí n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun, torí Adájọ́ ń bẹ̀rù màlúù, ó ń bẹ̀rù ìwo, ó ń bẹ̀rù ìrù. Ó ti kọ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe, ọwọ́ mi yá. Mo wá ra kámẹ́rà àlòkù kan, mo ní mò ń lọ sí ìgboro lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò. Ọjọ́ yẹn ni bàbá mi sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ó ní ẹni tó bá fi ohun tó ń mí sílẹ̀, tó lọ ń ya òjìji kiri, òkú lẹni náà lójú òun.

Èmi náà ò gbẹ́nu dákẹ́. Ìgbà wo ni mo gbẹ́nu dákẹ́ rí? Mo ní kó kúkú lọ sin mí nígbà náà. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo gbọ́ ọ títí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ẹyin ẹlòmíì ni wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ mẹ́ta la ò fi bára wa sọ̀rọ̀. Mi ò jẹun nílé. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin mo gbé báàgì mi, mo kọ́kọ́ yà sí ilé ìfúnwàrà. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un kí n tó lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó fara ti ògiri. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, èédú tuntun:

MO LO SIN OMO MI

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kó lọ sin mí. Ó ti lọ.

Mi ò gba oríta tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi. Mo gba ẹ̀yìn ilé òṣìṣẹ́, mo gba abẹ́ wáyà kọjá, mo fẹsẹ̀ rìn títí dé ojú irin.

Ìyẹn náà ni. Mo ti kọ ọ́. Kò kúrò lọ́fun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kejì

Ìgbéyàwó. Fọ́tò igba ó lé. Bàbá ìyàwó ń wá mi kiri ṣáá pé kí n ya òun àti ọmọ òun, kí n tún wọn yà, ọ̀kan sí i. Ẹ̀yìn ń ro mí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kejì

Mo lọ kí ìyá mi. Adájọ́ ṣílẹ̀kùn, ó ní káàbọ̀, ó padà sídìí aṣọ tó ń fọ̀. Ojú ìyá mi ti ń ṣú, kò ríran kọjá gígùn apá mọ́, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ — ẹ má dán an wò pé ẹ fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn nínú ilé yẹn.

Mo gbé fọ́tò síwájú ẹ̀, mò ń ṣàlàyé: tánkì rèé, àká rèé. Ó ní, "Ya ilé ìfúnwàrà fún mi dáadáa o. Ibẹ̀ ni bàbá ẹ ti kọnu ìfẹ́ sí mi." Mo ní báwo lẹni tí kì í lanu ṣe ń kọnu. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ òun ni, ló bá yí ọmú màlúù sọ́dọ̀ òun, wàrà bá fọ́n sí òun lójú fáú. "Mo bú u, mo bú ìyá tó bí i. Kò fèsì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo tún gba ibẹ̀ kọjá."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó wá nu ojú ẹ̀, ohùn ẹ̀ yí padà. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà, ohun tó o fojú ọkùnrin yẹn rí ò da o. Lọ́jọ́ tó o lọ, ó ti rí báàgì tó o dì, àkùkọ ò tíì kọ tó ti jí. Ó fún wàrà sínú ìgò, ó ní ọmọ yìí ò jẹun láti ijọ́ mẹ́ta. Ó ní òun ń gbé e lọ bá ẹ ní oríta. Ó dúró síbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì mẹ́ta fi kọjá. Nígbà tó máa padà dé, ìgò náà ṣì kún dẹ́múdẹ́mú. Ó da wàrà yẹn fún ajá."

Inú bí mi. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ màámi, ẹ má torí pé ó ti kú kẹ́ ẹ máa fi oyin sí i lára.

"Irọ́ ni mò ń pa?" Ó ní, "Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ lórí fóònù nígbà yẹn. Mo ní 'bàbá ẹ', o ti pa fóònù."

Òótọ́ ni. Mo sọ fún un pé bó bá ti dárúkọ ẹ̀, mi ò ní gbọ́ ìyókù. Ọdún méjìlá ló lò lẹ́yìn tí mo lọ kó tó kú. Ọdún méjìlá gbáko ni mi ò fi gbọ́ ìyókù.

Mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tó kọ ohun tí mo kà sára ògiri, ṣé ẹni náà ló máa gbé wàrà lọ sí oríta? Ọ̀kan ní láti jẹ́ irọ́. Ojú mi ni mo fi ka ti ògiri. Mo rò ó títí bọ́ọ̀sì fi gbé mi kọjá ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kejì

Nọ́ńbà kẹrin dé ìkeje. Ilé koríko — iná ti jó apá kan. Ilé ọmọ màlúù, ewúrẹ́ kan àtàwọn ọmọ ẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀ báyìí, wọn ò fẹ́ kí n wọlé. Kòtò ìwẹ̀ màlúù: omi òjò, ọ̀pọ̀lọ́. Ilé òṣìṣẹ́: yàrá mẹ́fà tó tò sórí ìlà, ìkẹta ni tiwa.

Báwo la ṣe gbé ibẹ̀, ènìyàn mẹ́rin? Mo na apá mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri méjèèjì. Mo wo inú àjà tí mo máa ń fi kámẹ́rà mi pamọ́ sí. Mo kiwọ́ bọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ eku. Kí ni mo rò pé màá bá níbẹ̀ gan-an?

Ìṣó tí bàbá máa ń fi aṣọ òjò ẹ̀ kọ́ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ya ìṣó yẹn lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógún. Ọ̀gbẹ́ni Fáìlì ò ní kí n ya ìṣó.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kejì

Ohun tí mi ò kọ síbì kankan rí. Ọdún kan kó tó kú, Adájọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: bàbá ní òun ò ní fọ́tò kankan, kó o wá ya òun. Mo fèsì pé òkú kì í yàwòrán.

Èyí tó wà lórí káàdì iṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n fẹ̀ fún ìsìnkú. Kò ju èékánná lọ tẹ́lẹ̀. Adájọ́ ní nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ tán, ojú ẹ̀ ti di bàìbàì, èèyàn ò lè mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín ni. Èmi tí mo ti ya gbogbo ìlú.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kejì

Nọ́ńbà kẹjọ, ìkẹsàn-án, ìkẹwàá. Ilé ẹ́ńjìnnì, ilé adìyẹ, ọ́fíìsì ọ̀gá oko. Nínú ọ́fíìsì, àga kan ṣoṣo ló kù, ó kọjú sí fèrèsé. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bá mi na aṣọ funfun kí ìmọ́lẹ̀ lè padà sínú yàrá. Ó na apá títí, ó ní òun ò mọ̀ pé fọ́tò ń gba agbára tó báyìí, òun rò pé àwọn onífọ́tò kàn ń tẹ nǹkan ni.

Nígbà tá a parí, ó nawọ́. "Ó ku ìyẹn." Mo ní ìmọ́lẹ̀ ò dáa lónìí. Ó wo oòrùn, ó wo èmi. Ó ní, "Ṣé ìmọ́lẹ̀ ni ò dáa ni, àbí ojú yín?"

Mo kó ẹrù mi.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kejì

Ọdún kẹsàn-án nìyí tó ti kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta. Adájọ́ pè mí, ó ń sunkún, ó ní kí n máa bọ̀, wọn ò ní sin ín láìjẹ́ pé mo dé. Mo ní, "Ẹni tó ti sin mí, kí lẹ fẹ́ kí n wá sin?"

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nínú ìwé ara mi: ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ tí màá lò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni Adájọ́ ti ń dá mi lẹ́jọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọmọ méjì ló bí. Ọ̀kan ló sin ín.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kejì

Ọ̀gbẹ́ni Fáìlì pè. "Mẹ́wàá ni mo rí, ìkọkànlá dà?" Mo ní lọ́la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kejì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Iwájú. Ẹ̀yìn. Òrùlé — ìdajì ti já lulẹ̀. Ó ku inú. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń tẹ̀ lé mi, mo ní kó jọ̀ọ́ dúró síta. Ó ní bí ejò bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Mo ní bó bá wà, èmi àtiẹ̀ á jọ sọ̀rọ̀.

Irin tí wọ́n máa ń so màlúù mọ́ ṣì tò síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àpótí ìjókòó ẹ̀ ti fọ́. Òórùn wàrà kíkan — ó ti tó ọdún mélòó tí wọ́n ti kó màlúù lọ, bóyá imú mi ló gbé e wá. Ilẹ̀kùn ti ṣubú. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀, ó nà gbalaja sílẹ̀. Mo rékọjá lórí ẹ̀.

Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Màá ya ọ̀rọ̀ yẹn, màá fi han ìyá mi, kó yé fi oyin kun òkú, kí ìjà parí. Ṣùgbọ́n èédú ti ṣá, èèyàn ò lè kà á mọ́. Mo ṣe ohun tá a máa ń ṣe fún ohun tó ti fẹ́ parẹ́: mo gbé kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ máa fara ra ògiri. Lẹ́tà ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀. MO LO. SIN. OMO MI. Ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe àlá. Mo sún tọ́ọ̀ṣì sápá ọ̀tún díẹ̀, kí òjìji ọwọ́ mi má bo MI.

Ibẹ̀ funfun. Ibi tí ilẹ̀kùn máa ń fara tì nígbà tó bá ṣí ni. Gbogbo ọdún yẹn, òjò ò dé ibẹ̀, oòrùn ò dé ibẹ̀. Ikán ti kọ́ ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ gba orí ẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń nu ojú kámẹ́rà gbá a. Èédú wà lábẹ́ ẹ̀, dúdú kirikiri, bí ẹni pé àná ló kọ ọ́.

SONA

Mo lọ sin ọmọ mi sọ́nà.

Kì í ṣe èmi ló kọ ọ́ sí. Ẹnìkejì ẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí, kó lè mọ ibi tí òun lọ, kó máa bá wàrà lọ. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì nígbà tó ń kọ ọ́. Ó wá ṣí i, ó tì í mọ́ ògiri, ilẹ̀kùn bo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́lẹ̀, ó gbé ìgò ẹ̀, ó ń lọ sí oríta. Èmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà láàárín wa.

Sin òkú. Sin ọmọ sọ́nà. Ká tiẹ̀ ní ó fi àmì sí i, bákan náà ló máa rí. Ìyókù ló yẹ kí n kà. Ìyókù ni mi ò gbọ́ rí láyé mi.

Ká ní mo ti ilẹ̀kùn yẹn. Ká ní mo tì í gbàm, bí gbogbo ẹni tínú ń bí ṣe ń ti ilẹ̀kùn, ǹ bá rí i. Èmi tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo èèyàn lójú. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n tì í, mo fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo ké. Mo ké bàbá mi. Mi ò tíì ké e rí láti ọjọ́ tó kú. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sáré wọlé, igi lọ́wọ́, ó ń pariwo pé ejò dà, ejò dà. Mo nawọ́ sí ògiri. Ó súnmọ́ ọn, ó kà á síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Ó yíjú sí mi, kò yé e.

"Kí ló wá burú níbẹ̀?" ó ní. "Bàbá kan ló lọ sin ọmọ ẹ̀ sọ́nà."

Ọjọ́rú, 19 oṣù kejì

Mo kó fọ́tò fún Ọ̀gbẹ́ni Fáìlì. Ó kà wọ́n. Ó ní mẹ́rin-mẹ́rin la jọ sọ, èéṣe tí nọ́ńbà kọkànlá fi jẹ́ márùn-ún? Mo ní kó mú èyí tó bá wù ú jù sílẹ̀. Ó yọ ti ògiri kúrò, ó ní kò sí ohunkóhun nínú ẹ̀. Mo gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tí mo kọ sábẹ́ ìyókù ni: Ilé ìfúnwàrà. Òrùlé ti já. Ilẹ̀kùn ti ṣubú.

Mo wá gba ọ̀dọ̀ ìyá mi lọ. Mo kúnlẹ̀, mo fi fọ́tò náà sí i lọ́wọ́, mo kà á fún un, torí kò mọ̀wé kà, kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ rí. Mo sọ gbogbo ẹ̀, láti orí èédú dé orí ojú irin. Ó ń fi ìka ra fọ́tò bí ẹni tó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ga sí.

Ó ní, "Ó béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, ṣé ọmọ yẹn ò yà sí ilé ìfúnwàrà kó tó lọ ni? Mo ní kò tiẹ̀ wo ọ̀nà ibẹ̀."

Adájọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo dúró de ẹjọ́. Kò dá ẹjọ́ kankan. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọwọ́ ọṣẹ yẹn gbá mi mọ́ra, aṣọ mi tutù rinrin.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kejì

Mo jí lọ ní kùtù. Mo dágbére fún Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan lára tiẹ̀, ó ní kí n mú un lọ, kò sí ilẹ̀kùn tó máa béèrè ẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ilé ìfúnwàrà. Mo ní, bàbá, ẹ má bínú. Mo wá gba iwájú jáde, mi ò gba ẹ̀yìn.

Kò jìnnà. Ìrìn ìṣẹ́jú méjìlá, láti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn dé oríta. Koríko ti bo ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ̀ pé ọ̀nà lòun. Mo dúró sábẹ́ igi tó wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan dé, mo jẹ́ kó lọ. Ìkejì dé, mo jẹ́ kó lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ ńlá kan gbé katakata dé. Ó dín eré kù, ó fẹ́ yà sínú oko. Awakọ̀ yọrí síta, ó kí mi, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ń retí ẹnì kan ni?"

Mo ní rárá, bàbá mi ló sìn mí dé ibí.

Ó wo ẹ̀yìn mi, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n bá òun kí wọn. Mo ní wọ́n á gbọ́.

Bọ́ọ̀sì kẹta dé, mo wọ̀ ọ́.